Èso Osè Gbígbẹ: Oúnjẹ Ni, Kì í Ṣe Ìpápánu Ọmọdé Nìkan

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí èso kan tí kò ṣàjèjì sí ará Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ilé kò kà sí oúnjẹ. Èso igi osè ni.

Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, igi osè wà ní pápá. Ìbàdàn pàápàá ní àdúgbò tí ń jẹ́ Ìdí-Osè. A mọ ewé igi yìí dunjú, nítorí òun ni a ń sá tí a ń gún di lúrú, tí a fi ń se ọbẹ̀. Èso rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọdé ni a fi í sílẹ̀ fún, kí wọ́n máa fi òkúta fọ́ ọ, kí wọ́n sì máa lá ìyẹ̀fun kíkan tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ gbọ́n jù wá lọ.

A kì í sá èso osè kí ó tó gbẹ. Inú èèpo rẹ̀ líle ni ó ti ń gbẹ lórí igi. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ẹ̀fọ́ tútù sì wọ́n lọ́jà, ìgbà náà gan-an ni a ń rí i.

KÍ NI ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀?

Èkíní ni fítámì C. Bí a bá wọn ọsàn 100 gíráàmù, a ó bá nǹkan bí 50 mílígíráàmù fítámì yìí nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun osè tí ó wọ̀n bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní 150 sí 300, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ìyẹ̀fun tó bí ó ṣe ń jẹ ọsàn. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun méjì lóòjọ́ lè fún àgbàlagbà ní apá púpọ̀ nínú ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́.

Fítámì yìí ni ó ń mú kí èrìgì le, tí ó sì ń jẹ́ kí egbò tètè jinná. Ní ọdún 1747, dókítà ọkọ̀ ojú omi kan, James Lind, pín atukọ̀ 12 tí èrìgì wọn ń jẹrà sí méjì-méjì, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ohun ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti ọsàn kíkan ni ara wọn kọ́kọ́ yá.

Èkejì ni pé osè ní kálísíọ̀mù tí ń mú egungun àti eyín le. Ó tún ní fọ́nrán tí ó ń ran inú lọ́wọ́. Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọyì rẹ̀. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n ń fi ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní bouye, àti ní ọdún 2008 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ fi àṣẹ sí títà ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀KẸTA: Ẹ̀JẸ̀ ABOYÚN

Èyí ni ó jẹ wá lógún jùlọ. Nígbà tí aboyún bá dé dìsípẹ́nsárì, a máa ń fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun dípò kí ó pọ́n, a ń fura pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ìyá náà lè sọ pé, “Nọ́ọ̀sì, mo ń jẹ ẹ̀wà, mo ń jẹ lúrú.” Òótọ́ ni ó ń sọ. Àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n irin inú ewé àti ẹ̀wà kì í tètè wọ ara bí ti ẹran. Fítámì C ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Tíì tí a bá mu mọ́ oúnjẹ sì ń ti ìlẹ̀kùn náà.

Nítorí náà, kí aboyún mu omi osè sí oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí tíì dúró di wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, bí ó bá tún ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

1. Ẹ yan èyí tí èèpo rẹ̀ kò sán, tí kò ní ihò, tí kò sì bu.
2. Ẹ fọ́ ọ, ẹ yọ fọ́nrán pupa kúrò, ẹ fi ọmọrí odó gún un jẹ́jẹ́ kí ìyẹ̀fun lè kúrò lára kóró, kí ẹ sì fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Ẹ kó o sínú agolo gbígbẹ tí ó ní ìdérí.
3. Fún mímu, ẹ po ṣíbí méjì mọ́ ife omi kan tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì mu ún lọ́jọ́ náà.
4. Fún ẹ̀kọ mímu, ẹ sọ ẹ̀kọ kalẹ̀ kí ó lọ́wọ́rọ́ kí ẹ tó bu ìyẹ̀fun sí i. Ẹ má ṣe sè é lórí iná, nítorí ooru ń ba fítámì C jẹ́.

ÌKÌLỌ̀

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni kí ó máa mu. Ẹ má fún ọmọ kékeré ní osè tí ó ní kóró, kí ó má baà há a lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwìn. Ẹ má da ṣúgà púpọ̀ sí i, kí àwọn ọmọ sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ nítorí eyín wọn. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, omi oníyọ̀ àti ṣúgà àti oògùn síǹkì láti dìsípẹ́nsárì ni kí ẹ fún un, kì í ṣe osè.

Pàtàkì jùlọ: osè kò dípò oògùn ẹ̀jẹ̀. Ibà àti aràn inú náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Kí aboyún lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ó lo oògùn tí wọ́n fún un, kí ó máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi osè kún oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, bí ẹ bá rí i, ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta wálé.