Flagyl, Kòkòrò Inú àti Oúnjẹ Ìyá Aláṣọ

ÌBÉÈRÈ: Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Gbági, n'Ìbàdàn. Búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò ló ń gbé mi dé alẹ́, kí n tó jẹ ìrẹsì nílé. Ìgbẹ́ kì í wá dáadáa, inú mi sì máa ń wú. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, Flagyl ni mo ń lò. Ọmọ mi tó wà ní London wá fi oògùn oníhóró ránṣẹ́, ó ní kòkòrò alààyè ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mò ń pa kòkòrò, ṣé kí n tún máa gbé e mì? — Ìyá Aláṣọ

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé Flagyl yẹn sílẹ̀ ná, àfi bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín. Bakitéríà tí kì í lo atẹ́gùn ló ń pa, irú wọn ló sì pọ̀ jù nínú ìfun ńlá wa. Púpọ̀ nínú wọn kò bá wa jà rárá, iṣẹ́ ni wọ́n ń bá wa ṣe.

Oúnjẹ wọn ni fáíbà: èèpo ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èérí ọkà, gbogbo ohun tí inú wa kò lè lọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ di èròjà bíi butyrate, èyí tí ara ìfun fi ń gbéra ró. Ṣúgà inú ẹlẹ́rìndòdò kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ara ti fà á tán lókè. Ebi ló ń pa wọ́n látàárọ̀ títí dalẹ́, Ìyá wa.

Ní 2015, Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tó wú mi lórí gan-an. Wọ́n mú ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú 20 àti ará ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà 20, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ 2 péré. Fáíbà àwọn ará Amẹ́ríkà gòkè láti bíi gíráàmù 14 lójúmọ́ sí 55. Ti àwọn ará Áfíríkà já wálẹ̀ láti 66 sí 12. Butyrate àwọn ará Amẹ́ríkà, tó wá ń jẹ ẹ̀wà àti àgbàdo, di ìlọ́po 2 ààbọ̀, wíwú ara ìfun wọn sì dín kù. Butyrate àwọn ará Áfíríkà, tó gba oúnjẹ ọlọ́ràá, dín sí ìdajì. Ọ̀sẹ̀ 2 kò tó láti fi mọ ẹni tí jẹjẹrẹ ìfun, tí wọ́n ń ṣèwádìí ewu rẹ̀, máa mú, ṣùgbọ́n ó tó kí bakitéríà yí ìṣe wọn padà.

Oògùn ọmọ yín kì í sábà pa ẹni tára rẹ̀ le lára, àmọ́ kòkòrò inú rẹ̀ kì í sábà pẹ́ nínú lẹ́yìn téèyàn bá dáwọ́ dúró. Owó oògùn yẹn, ẹ̀wà ni èmi ìbá fi rà. Kí ó jẹ́ ẹ̀wà eléèpo o, bí àdàlú tàbí ẹ̀wà àgànyìn, nítorí a ti bó èèpo ti mọ́ín-mọ́ín dànù. Ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ilá kún un, kí ẹ jẹ ọsàn pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀, dípò kí ẹ kàn máa fa omi rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú omi púpọ̀, kí inú má baà tún wú sí i.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má dúró de ẹ̀wà. Ẹ lọ sí ọsibítù.