Èékánná àti Ohun tí Ó Ń Sọ Nípa Ara

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ̀ pé àṣà àtijọ́ ni ní ilé-ìwé wa pé kí àwọn ọmọ na ọwọ́ wọn síwájú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí olùkọ́ sì máa wo èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ìdọ̀tí bá wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ a gba ìbáwí, èyí tí tirẹ̀ mọ́ a sì kọjá. Àṣà rere ni, nítorí pé ẹyin aràn a máa fara pamọ́ sí abẹ́ èékánná gígùn, ọmọ a sì fi ọwọ́ náà jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá ti di ọwọ́ ọmọ mú tán, tí ó sì ti tẹjú mọ́ ọn, ohun mìíràn wà tí ó lè rí níbẹ̀ tí ó ju ìdọ̀tí lọ, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kò sì kọ́ láti máa wò. Nípa rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí èékánná í ṣe. Ohun kan náà tí a fi dá irun orí wa, ìwo màlúù àti pátákò ẹṣin ni a fi dá a, èyíinì ni èròjà amúaradàgbà líle kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kẹ́rátìn. Apá tí a ń rí, tí a sì ń gé, ti kú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dunni bí a bá gé e. Ibi tí ó ti ń hù, tí a lè pè ní gbòǹgbò rẹ̀, wà lábẹ́ awọ níbi tí èékánná ti wọ inú ìka. Ààbọ̀ òṣùpá funfun tí a ń rí ní ìdí èékánná àtàǹpàkò ni etí gbòǹgbò náà tí ó yọ síta. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ni gbòǹgbò yìí ti ń jẹ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹ̀yà ara ti ń jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gbé oúnjẹ tí ó tó wá, tàbí bí àìsàn ńlá bá dé, ohun tí ó bá hù ní àkókò náà yóò fi hàn, kò sì sí bí a ti lè tún un ṣe mọ́ títí yóò fi dé orí ìka tí a ó sì gé e dànù.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Bean, fi ọdún 35 wọn bí èékánná ti ń yára hù tó, lára ara rẹ̀. Oṣooṣù ni ó ń fi àmì sí ìdí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, a sì máa ka iye ọjọ́ tí ó gbà kí àmì náà tó dé orí. Nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 32, ó ń hù ní ìwọ̀n 0.123 mìlímítà lójúmọ́. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 67, ó ti dín kù sí 0.095. Ní ọdún 1980 ni ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n! Ìṣirò tí gbogbo ènìyàn lè máa lò ni pé èékánná ọwọ́ ń hù tó mìlímítà 3 lóṣù, a sì máa pààrọ̀ ara rẹ̀ tán ní nǹkan bí oṣù 6. Ti ẹsẹ̀ lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba ọdún kan àti ààbọ̀.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ ìgbà tí àìsàn kan ṣe ènìyàn. Joseph Beau, oníṣègùn ará Faransé, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1846, pé lẹ́yìn ibà líle tàbí àìsàn ńlá mìíràn, ihò tóóró kan a máa dábùú èékánná bí poro oko. Gbòǹgbò ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Bí poro náà bá fi mìlímítà 6 jìnnà sí ìdí èékánná, a mọ̀ pé àìsàn náà ti tó oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ó bá wà lórí ìka kan ṣoṣo, ìlẹ̀kùn ni ó pa á tàbí òkúta ni ó bà á. Bí ó bá wà lórí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ọ̀gangan kan náà, gbogbo ara ni ó ṣàìsàn. Olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí ṣe iṣẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọn kò ní gbàgbé é.

Gbogbo wa tí a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ni a mọ eré tí àwọn ọmọdé ń bá lékeléke ṣe. Bí ọ̀wọ́ ẹyẹ náà bá ń fò kọjá lọ, wọn a na ọwọ́ sókè, wọn a máa mi ìka wọn, wọn a sì máa tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àmì funfun tótòtó lórí èékánná rẹ̀ lẹ́yìn náà a máa yọ̀ pé ẹyẹ ti dá òun lóhùn. Àwọn àgbà tí ó kàwé ti wá fi ìtàn mìíràn rọ́pò ti ẹyẹ: wọ́n ní àìtó kálísíọ̀mù ni, kí a lọ ra wàrà. Ìtàn kejì yìí kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó ń fa irú àmì bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni pé nǹkan ti gbá gbòǹgbò èékánná ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tàbí pé ọmọ náà a máa fi eyín gé èékánná rẹ̀ jẹ. Àmì náà yóò máa bá èékánná lọ síwájú títí a ó fi gé e kúrò, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Funfun mìíràn wà tí kì í ṣe ọ̀ràn eré. Ní ọdún 1956 Robert Muehrcke kọ̀wé nípa ìlà funfun méjì-méjì tí ó dábùú èékánná àwọn tí amúaradàgbà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí à ń pè ní albumin, ti dín kù púpọ̀, bí irú àwọn tí kíndìnrín wọn ń dà á nù sínú ìtọ̀. Àwọn ìlà wọ̀nyí kì í rìn, nítorí pé inú ẹran abẹ́ èékánná ni wọ́n wà, kì í ṣe inú èékánná fúnra rẹ̀. Bí a bá sì tẹ èékánná mọ́lẹ̀, wọn a pòórá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wọn ibi tí àmì náà wà, kí ó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù kan. Bí ó bá ti rìn síwájú, ti lékeléke ni. Bí ó bá dúró síbẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Amúaradàgbà yìí náà ni ó sọ̀nù nínú oúnjẹ àwọn ọmọ tí Cicely Williams, dókítà obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1933: àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tí a sì ń fi àgbàdo nìkan bọ́. Ní ọdún 1935 ó lo orúkọ tí àwọn ará Gà ń pe àìsàn náà, kwashiorkor. Ẹsẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n, èékánná rẹ̀ a sì rọ̀, a di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn ìyá tí ń fi ògì lásán bọ́ ọmọ nílẹ̀ wa, kí wọ́n fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí edé lílọ̀ kún un.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí èékánná ń sọ, ọ̀ràn àìtó ẹ̀jẹ̀ ni ó kàn wá jù lọ. Awọ àwa adúláwọ̀ kì í tètè fi í hàn. Bí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó bá dín kù, ojú rẹ̀ a funfun bí aṣọ, àwọn aládùúgbò a sì bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ẹni dúdú lè dín kù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ibi díẹ̀ ni ó wà lára wa tí a ti lè rí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ kedere: inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ahọ́n, àtẹ́lẹwọ́, àti abẹ́ èékánná. Ẹ fi ọwọ́ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ àtùpà. Bí abẹ́ èékánná kan bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ti èkejì sì ràn bí ẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àìtó tí ó kéré kò ní hàn báyìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé nítorí èékánná òun pọ́n, òun kò nílò àyẹ̀wò.

Bí ó bá jẹ́ àìtó irin nínú oúnjẹ tàbí nínú ara ni ó fà á, tí ó sì pẹ́, èékánná a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́, a tẹ́ pẹrẹsẹ, nígbẹ̀yìn àárín rẹ̀ a wọlẹ̀, etí rẹ̀ a sì ròkè bí ṣíbí. Ẹ kán omi kan lé e lórí. Lórí èékánná tí ó dára, omi yóò ṣàn lọ. Lórí èyí, yóò dúró bí ẹni pé inú àwo ni ó wà. (Èékánná ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kékeré a máa rí báyìí láìsí àìsàn, a sì máa tọ́ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tí ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú epo ọkọ̀.)

Níbo ni irin náà ń lọ? Lára àwọn ọmọ wa, aràn ni ó máa ń jẹ̀bi, pàápàá èyí tí ń wọ ara láti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà, tí yóò sì fi ẹnu kọ́ ìfun, tí yóò máa mu ẹ̀jẹ̀. Lára obìnrin, nǹkan oṣù tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, tàbí oyún tí ó tẹ̀lé ara wọn. Aláboyún tí ó ń wá ẹfun tàbí ìrẹsì àìsè jẹ kiri, kí a má fi í ṣe ẹlẹ́yà, àìtó irin ni ó sábà máa ń bá irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn. Irin wà nínú ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja; ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gba ti àwọn wọ̀nyí. Ọsàn tí a bá jẹ tẹ̀lé wọn a máa ràn án lọ́wọ́, tíì tí a bá mu mọ́ oúnjẹ a sì máa dí i lọ́wọ́.

Ibí yìí ni ewu wà, a sì fẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́. Bí èékánná bá ti funfun, ìwà wa ni láti ra ìgò oògùn afúnni-lẹ́jẹ̀ kan lọ́jà. Ọkùnrin ẹni ọdún 55 tí ń jẹun dáadáa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣàdédé dín kù. Ó lè jẹ́ pé ọgbẹ́ inú tàbí àrùn jẹjẹrẹ nínú ìfun ni ó ń da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò rí i. Oògùn inú ìgò yóò dá àwọ̀ èékánná padà, ara yóò sì yá gágá fún oṣù mélòó kan, ohun tí ń jẹ ẹ́ nínú yóò sì máa gbilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kì í ṣe gbogbo àìtó ẹ̀jẹ̀ ni ti irin. Ibà ń fà á, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń fà á. Ẹni tí a sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra lè ní irin tí ó ti pọ̀ jù.

Nípa hóró oògùn biotin tí wọ́n ń polówó fún èékánná, ẹni tí ó ń jẹun bí ó ti yẹ kì í ṣaláìní in. Ní ọdún 2017 àjọ tí ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè mú kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ parọ́, àní èyí tí a fi ń mọ àìsàn ọkàn. Kí ẹni tí ó bá ń lò ó sọ fún dókítà.

Ó ku ti orí ìka tí ó wú bí orí kùmọ̀, tí èékánná sì tẹ̀ wá sílẹ̀ bo orí ìka. Láti ìgbà Hippocrates ti ilẹ̀ Gíríìsì, èyí tí ó lé ní 2,000 ọdún, ni a ti mọ̀ ọ́n. Leo Schamroth, dókítà ní ilé ìwòsàn Baragwanath ní Gúúsù Áfíríkà, rí i lára òun fúnra rẹ̀ nígbà tí àrùn mú ọkàn rẹ̀, ó sì kọ́ wa ní ọdún 1976 bí a ti ń dán an wò. Ẹ kọ ẹ̀yìn ìka kan náà ti ọwọ́ méjèèjì sí ara wọn, kí èékánná kan èékánná. Ihò kékeré kan yóò wà láàárín wọn ní ìdí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ihò náà bá ti dí, kí a yẹ ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wò. Àwọn ìdílé kan wà tí a bí i mọ́ wọn. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kí a bẹ̀rù.

Ìlà dúdú gígùn láti ìdí dé orí èékánná wọ́pọ̀ lára wa, bí ó bá wà lórí ìka púpọ̀ kò sí ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí ó ń fẹ̀ sí i, pàápàá lórí àtàǹpàkò tàbí ìka ńlá ẹsẹ̀, kí dókítà rí i kíákíá. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni a ti rí àrùn jẹjẹrẹ tí ó pa olórin Bob Marley ní ọdún 1981, ní ẹni ọdún 36.

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, tí ó ń mí lókèlókè, tí èékánná àti ètè rẹ̀ sì ń dà bí aró, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí a nu ọ̀dà kúrò lórí èékánná kí a tó lọ, nítorí ọ̀dà àti làálì a máa bo ohun tí nọ́ọ̀sì fẹ́ rí, wọ́n sì lè dí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há orí ìka lọ́wọ́. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ náà a máa sọ pé atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ àwọn adúláwọ̀ tó nígbà tí kò tó. Bí ọmọ bá ń jà fún èémí, kí a má jẹ́ kí nọ́ńbà tan wá jẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá rí ohun kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ má ṣe kéde rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pe ìyá tàbí bàbá rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe àìsàn tí ẹ rò pé ó jẹ́: “Ìyá Àlàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́ èékánná ọmọ yín funfun ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.” Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọn yóò gbà. Bí wọ́n bá rí àìtó irin tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, àwọ̀ abẹ́ èékánná ni yóò kọ́kọ́ padà. Èékánná tí ó ti di ṣíbí yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tuntun yóò ti máa hù jáde ní títọ́, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì tẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀.