Oyè Tí Kò Ní Afọbajẹ

Ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ọ̀daràn márùn-ún kan wà tí a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹbí. Kì í ṣe pé ìyá kan náà ni ó bí wọn, tàbí pé agbo ilé kan ni wọ́n ti ṣẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti ilẹ̀ Ítálì wá ni wọ́n, tí wọ́n mulẹ̀ láti máa jọ ṣe iṣẹ́ ibi. Wọ́n a máa gba owó ààbò lọ́wọ́ oníṣòwò tí kò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ ààbò. Wọ́n a máa yáni lówó èlé gọbọi. Wọ́n a sì máa pa ẹni tí ó bá dí wọn lọ́nà. Ní ọdún 1931 ni wọ́n to ẹbí márààrún bí a ti mọ̀ wọ́n. Olórí kan wà lókè, igbákejì rẹ̀ tẹ̀ lé e, olùdámọ̀ràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn; àwọn balógun wà nísàlẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Àwọn olórí ẹbí sì ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n fi ń parí ìjà.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ètò yìí yóò rò pé ìlú tí ó ní òfin ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òrùlé náà ti ń jò. Kò sí ìdílé ọlọ́mọ-ọba láàárín wọn, kò sí afọbajẹ, kò sì sí Ifá tí a ó dá. Wọ́n ní àwọn balógun ni yóò yan olórí, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa olórí láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀. Bí òfin méjèèjì ti rí nígbà tí oyè bá ṣófo, ìtàn ẹbí tí a mọ̀ sí ti Gambino ni yóò sọ ọ́.

Vincent Mangano jẹ olórí níbẹ̀, ó sì pẹ́ tó ogún ọdún lórí oyè. Ní oṣù kẹrin ọdún 1951 a rí òkú Philip, àbúrò rẹ̀, nínú irà kan ní Brooklyn. Vincent fúnra rẹ̀ ni a kò tún fojú kàn mọ́, òkú rẹ̀ pàápàá kò hàn títí di òní. Albert Anastasia, igbákejì rẹ̀, bọ́ sórí àga. Ó sọ fún àwọn olórí yòókù pé Mangano ni ó ti ń wá ọ̀nà láti pa òun, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1957, bí Anastasia ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Park Sheraton, ọkùnrin méjì tí wọ́n fi aṣọ bojú wọlé, wọ́n sì yìnbọn pa á. Kò sí ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú náà rí. Carlo Gambino ni ó jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òpìtàn púpọ̀ ni ó sì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Ìlú Palermo ni a ti bí Gambino ní ọdún 1902. Ọkùnrin kúkurú ni, oníwà jẹ́jẹ́, tí kì í fẹ́ kí ojú ayé mọ òun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó lò lórí oyè. Ohun tí ó ṣe nígbà tí àrùn ọkàn ń dà á láàmú ni ó gbin ìjà sínú ẹbí náà. Igbákejì rẹ̀ ni Aniello Dellacroce, ẹni tí àwọn adìgunjalè àti àwọn onítẹ́tẹ́ inú ẹbí náà fẹ́ràn, tí wọ́n sì ti ń wò ó gẹ́gẹ́ bí olórí lọ́la. Gambino kò mú un. Paul Castellano ni ó mú, ẹni tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí ó sì tún jẹ́ àna rẹ̀, nítorí arábìnrin Castellano ni Gambino fi ṣe aya. Iṣẹ́ alápatà ni Castellano kọ́, òwò ni ojú rẹ̀ sì wà sí ju ìbọn lọ. Nígbà tí Gambino kú sí ilé ara rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1976, inú ẹ̀wọ̀n ni Dellacroce wà nítorí ọ̀ràn owó orí.

Ó jáde ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ìpàdé wáyé. Castellano ní kí Dellacroce máa jẹ́ igbákejì lọ, ó sì fi àwọn balógun kan sílẹ̀ fún un pé kí ó máa ṣe olórí wọn bí ó ti wù ú. Dellacroce gbà láìjà. Bí ojú bá kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà, ọgbọ́n àgbà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹbí kan ti di méjì lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Castellano kọ́ ilé funfun ńlá kan sórí òkè Todt Hill ní Staten Island, tí ó jọ ilé olórí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í sì í sábà sọ̀ kalẹ̀ wá sí àárín àwọn ọmọ ogun. Owó kọnkéré tí a fi ń kọ́ ilé gogoro àti owó ẹran ni ó ń wọlé fún un. Síbẹ̀ ó ń béèrè ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń jalè lójú pópó. Àwọn wọ̀nyí ń kùn. Ẹni tí ó ń kùn jù ni John Gotti, balógun kan ní Queens, ọmọ ẹ̀yìn Dellacroce.

Òfin kan tún wà: ẹni tí ó bá ta oògùn olóró, ikú ni. Ní ọdún 1983 ìjọba mú Gene, àbúrò Gotti, àti Angelo Ruggiero, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, pé wọ́n ń ta heroin. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti fi ẹ̀rọ pamọ́ sínú ilé Ruggiero, wọ́n sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ oògùn àti èébú tí ó ń bú Castellano. Castellano ní kí wọ́n mú ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ náà sí wá kí òun kà á. Wọn kò mú un wá. Dellacroce ń bẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó ń dá Gotti lẹ́kun lọ́hùn-ún, àìsàn jẹjẹrẹ sì ti ń jẹ ẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà yìí kú ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1985.

Castellano kò yọjú síbi òkú rẹ̀. Ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà, kò sì fẹ́ kí ìjọba rí òun láàárín àwọn ọ̀daràn. Ìdí náà kò burú lójú agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Dellacroce àbùkù ńlá ni. Ó tún fi Thomas Bilotti, awakọ̀ rẹ̀, ṣe igbákejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kan náà, bí Castellano àti Bilotti ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé oúnjẹ Sparks ní Manhattan, a yìnbọn pa àwọn méjèèjì. Gotti àti Sammy Gravano jókòó sínú ọkọ̀ nítòsí, wọ́n ń wò ó.

Wọn kò gba àṣẹ ìgbìmọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986 àwọn balógun péjọ, wọ́n sì yan Gotti gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ní ti àwọn ẹbí yòókù, wọ́n ránṣẹ́ sí wọn pé àwọn ń wádìí ẹni tí ó pa olórí àwọn. Ọ̀rọ̀ náà kò tàn wọ́n jẹ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, bọ́ǹbù tí a dè sí ọkọ̀ nítorí Gotti pa Frank DeCicco, igbákejì rẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe, Gravano di igbákejì. Ìjọba mú àwọn méjèèjì ní oṣù kejìlá ọdún 1990, wọ́n sì jẹ́ kí Gravano gbọ́ ohùn Gotti tí a ti gbà sílẹ̀, níbi tí ó ti ń di ẹ̀bi ìpànìyàn lé e lórí. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Gravano jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn mọ́kàndínlógún, ó sì jẹ́rìí gbe ìjọba. Ní ọdún 1992 a rán Gotti lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Kò fi oyè náà sílẹ̀. Láti inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti fi ọmọ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣe adelé. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n gba ìyẹn náà ní ọdún 1999, ó kan Peter, ẹ̀gbọ́n Gotti. Iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí ìlú ni Peter ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gotti kú sí ilé ìwòsàn àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Missouri ní oṣù kẹfà ọdún 2002. Ní ọdún 2004 ilé-ẹjọ́ dá Peter lẹ́bi pé ó gbìmọ̀ láti pa Gravano nítorí àbúrò rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fún un. Kò sì lò ó tán kí ó tó kú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọdún 2021.