Ẹ Má Sọ Àyà Yín Di Ẹwìrì

Ìka ọwọ́ bàbá náà ti kákò bí ẹsẹ̀ adìyẹ nígbà tí mo wọlé. Orí ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, fóònù wọn fara ti ike omi, ọkùnrin inú fídíò sì ń pariwo: "Fà á! Tú u! Fà á! Tú u!" Ètè wọn ti kú, wọn ò lè pe orúkọ mi já. "Ọmọ mi, ó ń ṣe mí bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára mi." Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé n'Íbàdàn, ọdún 11 rèé tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ wọn wà ní 196 lórí 112. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ti pa oògùn tì, torí fídíò náà ní ẹni tó bá ń mí bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kò nílò oògùn mọ́.

Nítorí irú wọn ni mo ṣe ń kọ ìkìlọ̀ yìí, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Mímí yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan dá sílẹ̀ lánàá. Ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, pranayama ni àwọn oníyóga ibẹ̀ ń pè é. Èyí tí bàbá ń ṣe ń jẹ́ bhastrika, ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Sanskrit sì ni ẹwìrì, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gan-an. Kapalabhati, ìkejì rẹ̀, ni kí èèyàn máa fi ikùn ti èémí jáde tagbáratagbára, nígbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í sábà mí ju ìgbà 12 sí 20 lọ. Kumbhaka tún wà, kí a fa èémí sínú kí a sì sé e mọ́ ibẹ̀ bí omi inú ìkòkò. Àwọn tó ni ín mọ̀ pé iná ni. Hatha Yoga Pradipika, ìwé tí Svatmarama kọ ní ọ̀rúndún 15, ti kìlọ̀ pé bí a ṣe ń tu ẹranko búburú lójú ni kí a ṣe máa kó èémí níjàánu, díẹ̀díẹ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀ yóò pa ẹni tó ń ṣe é. Ẹsẹ̀ olùkọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó gé e sí fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún yọ ìkìlọ̀ náà dànù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ká bàbá lọ́wọ́ kò. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá ṣe ń mí kíákíá tó ni ọ́síjìn yóò ṣe pọ̀ lára wa tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáṣá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ọ́síjìn tẹ́lẹ̀. Ohun tí mímí àmíjù ń ṣe ni pé ó ń gbá carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, jáde kọjá bó ṣe yẹ. Afẹ́fẹ́ yẹn kì í sì í ṣe pàǹtí lásán. Òun wà lára ohun tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ là sílẹ̀. Bó bá ti dínkù, àwọn iṣan náà á sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ á fà sẹ́yìn, òòyì á gbé èèyàn. Lójú kan náà, èyí tó wúlò nínú kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ìka á kákò, ẹnu á kú. Orí fífúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní agbára ẹ̀mí nínú fídíò, ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ni.

Ẹni tó ní wárápá ńkọ́? Nígbà tí àwọn dókítà bá ń fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ wò, tí wọ́n fẹ́ kí gìrì tó fara pamọ́ yọjú, wọ́n á ní kí aláìsàn mí kíákíá fún ìṣẹ́jú 3. Wọ́n mọ̀ pé ó lè gbé e dé, wọ́n sì dúró tì í. Ẹ̀yin wá ń ṣe é nínú yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ọkàn náà kò yọ sílẹ̀. Irú mímí yìí lè mú kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ sún kì, kí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹlòmíràn. Ti èémí sísé tún yàtọ̀. Bí ẹ bá sé e tí ẹ sì fún àyà mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ sínú ọkàn kò ní rọ́nà gbà dáadáa; bí ẹ bá tú u, á ya wọlé, ìfúnpá á ta sókè lójijì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti jẹ iṣan ọpọlọ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ń fi rọpárọsẹ̀ ṣeré nìyẹn. Ní ọdún 2004, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Chest sọ ti obìnrin ọlọ́dún 29 kan, ara rẹ̀ le, tó ń ṣe kapalabhati títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi jò tó sì rọ̀ bí bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń mí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ́ sódò, ẹ gbọ́ dáadáa. Carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i lára ló ń fipá mú wa mí. Bí ẹ bá ti gbá a dànù, ọ́síjìn lè tán lábẹ́ omi kí ara tó ké sí yín. Ẹni náà á dákú láìjà, omi á sì gbé e. Wim Hof, ará Netherlands tó sọ irú mímí yìí di gbajúmọ̀, fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe é nínú omi tàbí nídìí ọkọ̀.

Mi ò bá èémí jà. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ara ń dá ṣe láìbi wá, èémí wà lára ìwọ̀nba tí a lè di mú. Iṣan ìmọ̀lára kan tó ń jẹ́ vagus ti inú ọpọlọ gba ọ̀fun dé ọkàn. Bí a bá ń mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa sọ fún ọkàn pé kó rọra. Ní 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì wo àwọn èèyàn kan bí wọ́n ṣe ń gba àdúrà rósárì ní èdè Látìn àti bí wọ́n ṣe ń ka ọfọ̀ yóga; méjèèjì mú èémí wá sí bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ń bára wọn rìn dáadáa. Èyí dára. Àmọ́ ohun tó lágbára tó láti tu ọkàn lára lágbára tó láti dà á rú, kò sì rọ́pò oògùn. Ẹni tó bá já propranolol tàbí clonidine sílẹ̀ lójijì lè rí ẹ̀jẹ̀ tó ru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí kí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, wárápá tàbí gìlókómà, ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí, aboyún: ẹ má fẹ́ ẹwìrì yẹn, ẹ má sé èémí mọ́ àyà. Bí àyà bá ń fún yín, bí ẹnu bá wọ́, bí ẹ̀gbẹ́ ara kan bá kú, ẹ má dúró kí fídíò parí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.

Bàbá ti padà sórí oògùn. Lálẹ́, a jọ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó ka márùn-ún wọlé, márùn-ún jáde, láìsé e. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fídíò kan náà tún dé sórí WhatsApp wọn. Ìyàwó àbúrò wọn, tó wà nínú oyún oṣù méje, ló fi í ránṣẹ́. Wọn ò tíì wò ó tán tí wọ́n fi ní kí n bá wọn pe nọ́ńbà rẹ̀.