Bí Máníjà Bá Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀ ní Ìlú Ọba: Owó Yín Tó Kù Lọ́wọ́ Wọn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ti ṣe máníjà nílé kí wọ́n tó kọjá sí Ìlú Ọba ló gbé èrò kan dání wá: pé òfin òṣìṣẹ́ wà fún àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́, àti pé ẹni tí wọ́n bá ti ń pè ní ọ̀gá, ohun tí òun àti iléeṣẹ́ bá jọ sọ ni òfin rẹ̀. Èrò yìí kò ṣàdédé wá. Labour Act ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974, sọ ọ́ ní abala 91 pé àwọn tó wà nípò alákòóso, aláṣẹ tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ kò sí lára àwọn tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Nítorí náà, máníjà tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn, ìwé àdéhùn rẹ̀ ló máa gbé lọ sílé ẹjọ́. Bí ìwé náà kò bá sọ nǹkan kan, ẹ̀bẹ̀ ló sábà máa ń kù.

Níbí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Employment Rights Act ti ọdún 1996, tó ń ṣiṣẹ́ ní England, Wales àti Scotland (Northern Ireland ní òfin tiwọn lọ́tọ̀), kò ya máníjà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń gbálẹ̀ nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ owó tí èèyàn ti fi òógùn ojú rẹ̀ wá. Owó ọjọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́, gbèsè ni wọ́n jẹ yín. Mo fẹ́ kí ẹ ti fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó kọ lẹ́tà yín, torí àwọn tí mo rí tí wọ́n pàdánù owó, ojú ló ń tì wọ́n láti béèrè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nótíìsì. Ẹni tó bá ti lo oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́, òfin ní kí ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Ti máníjà sábà máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àdéhùn: oṣù kan, oṣù méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó ya ẹnu. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ní ímeèlì, kí ẹ kọ ọjọ́ òní sí i àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó sílé títí nótíìsì yóò fi pé, èyí tí wọ́n ń pè ní garden leave, owó oṣù yín ṣì ń wọlé bí ìgbà tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ lójú ẹsẹ̀, owó àkókò tó kù nínú nótíìsì náà ṣì wà lọ́rùn wọn.

Ẹni tó bá bínú jáde láìfún wọn ní nótíìsì ti ṣẹ àdéhùn, kò sì ní gba owó ọ̀sẹ̀ tí kò ṣe. Ṣùgbọ́n owó ọjọ́ tó ti ṣe kó tó jáde ṣì jẹ́ tirẹ̀. Iléeṣẹ́ kò lè tìtorí pé inú ń bí wọn gbẹ́sẹ̀ lé e, àfi bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ nínú ìwé pé wọ́n lè yọ nǹkan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ wo ni owó náà máa wọlé? Òfin ibí kò sọ pé dandan ni kí wọ́n san án lọ́jọ́ tí ẹ gbé báàgì yín jáde. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń san owó oṣù fún gbogbo èèyàn ni wọ́n sábà máa ń san án. Ẹ má fi ohun tí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní California sọ bá wọn jà. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá fún wọn ní nótíìsì wákàtí 72 kó tó lọ lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kúrò, àmọ́ òfin tibẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ jù lọ ni ọjọ́ ìsinmi tí ẹ kò tíì lò. Working Time Regulations ti ọdún 1998 fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún, ìyẹn ọjọ́ 28 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní kí wọ́n fi owó san èyí tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ lè gbọ́ pé òfin wákàtí iṣẹ́ kò kan ẹ̀yin máníjà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: òfin náà yọ àwọn ọ̀gá tó ń pinnu àkókò iṣẹ́ ara wọn kúrò nínú gbèdéke wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Kò yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìsinmi. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ìsinmi tí ẹ kò lò ti jóná torí pé ẹ̀yin lẹ fúnra yín fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ní kó fi ibi tí òfin ti sọ bẹ́ẹ̀ hàn yín.

Ẹ mú bírò, ká ṣírò rẹ̀. Ká ní owó ọdún yín jẹ́ £36,000, ọjọ́ márùn-ún lẹ ń ṣe lọ́sẹ̀, oṣù kìíní ni ọdún ìsinmi iléeṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀, ìparí oṣù kẹfà sì ni ẹ kúrò. Ìdajì ọdún ti lọ, torí náà ọjọ́ 14 nínú 28 ti di tiyín. Tí àdéhùn yín bá ka ọlidé ìjọba mọ́ 28 náà, márùn-ún ti kọjá ní England láàárín oṣù mẹ́fà yẹn: ọdún tuntun, Ọjọ́ Ẹtì Rere, Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àti méjì inú oṣù karùn-ún. Ká ní ẹ tún gba ọjọ́ mẹ́ta fúnra yín. Ó ku mẹ́fà. Ẹ pín £36,000 sí ọ̀sẹ̀ 52, kí ẹ tún pín in sí ọjọ́ márùn-ún: £138.46 ni ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ £830.77.

Wàyí o, àwọn tó ń ṣètò owó oṣù níbòmíràn máa ń pín owó ọdún sí 365. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan yóò di £98.63, mẹ́fà yóò sì di £591.78. £239 ti fò lọ láìsí ariwo, iye náà sì máa wà lórí payslip bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti sọ ọ́ lọ́dún 2002, nínú ẹjọ́ Leisure Leagues àti Maconnachie, pé iye ọjọ́ tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ gan-an ni kí wọ́n fi pín owó irú ìsinmi báyìí, kì í ṣe iye ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà. Ẹ wo ìlà yẹn lórí payslip yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa ń wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ nìkan, a sì ń sọ pé Ọlọ́run ṣeun.

Tí ó bá jẹ́ pé ẹ ti lo ìsinmi ju èyí tó tọ́ sí yín, wọ́n lè gba owó náà padà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé yìí náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ gígé owó dá lé. Abala 13 òfin 1996 ní iléeṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan nínú owó yín àfi bí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, bíi owó orí, tàbí bí ó bá wà nínú àdéhùn iṣẹ́ yín, tàbí bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ẹ gbà. Owó tí wọ́n ṣèèṣì san lé fún yín yàtọ̀: wọ́n lè yọ ìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni ọ̀rọ̀ náà, ṣáájú. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n lè gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú máníjà, pé kó fọwọ́ sí i kí wọ́n yọ owó laptop tó bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, tàbí owó ọjà tó sọnù ní wíìkì méjì sẹ́yìn. Òfin kò gbà kí fọ́ọ̀mù ti òní ṣiṣẹ́ lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lánàá. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ máa mú un lọ sílé kà. Kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú yín.

Ẹ̀yin tó jẹ́ máníjà ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ń ta ọjà tàbí tí ẹ ń gba owó títà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tiyín tún le díẹ̀. Nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí owó tàbí ọjà bá dín, tí àdéhùn yín sì fàyè gbà á, wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó yín lẹ́ẹ̀kan. Ààbò yẹn kò sí mọ́ lórí owó ìkẹyìn. Wọ́n lè yọ gbogbo èyí tó kù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá ti sọ iye rẹ̀ fún yín nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó fi lẹ́tà yín sílẹ̀, ẹ rí i pé kò sí àìpé owó kankan tó dúró lórúkọ yín láìyanjú. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ka ọjà, kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí iye tó wà.

Ẹni tí iléeṣẹ́ ṣe físà fún máa ń bá ẹrù mìíràn pàdé: "Kó owó físà wa fún wa." Owó kan wà tó ń jẹ́ Immigration Skills Charge. Iléeṣẹ́ ni ìjọba ní kó san án, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé e kà yín lórí lọ́nàkọnà. Láti ìparí ọdún 2024, owó COS (Certificate of Sponsorship, ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ físà yín) náà ti di bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá wà lórí físà Skilled Worker. Ohun tí wọ́n bá yín san tó jẹ́ ẹrù tiyín gan-an, bí owó físà yín fúnra rẹ̀, ni wọ́n lè béèrè, bí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí inú àpapọ̀ iye ni wọ́n máa ń fi ohun tí kò tọ́ pamọ́ sí.

Ní ti bọ́nọ́ọ̀sì, ohun tí àdéhùn bá sọ labẹ gé. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé ẹni tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n máa san án kò ní rí i gbà. Ẹ wo ọjọ́ yẹn kí ẹ tó yan ọjọ́ tí ẹ máa kúrò. Gírátúítì bíi ti ilé kò sí nínú òfin ibí, ẹni tó bá fúnra rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ kò sì ní owó ìdádúró kankan. Owó ìfẹ̀yìntì tó ti wọ àkáǹtì yín ṣì jẹ́ tiyín, àti èyí tí iléeṣẹ́ fi kún un. Ẹ má gbàgbé orúkọ ilé owó tó ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà mìíràn wọ́n á gbé owó díẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé tó nípọn tí wọ́n ń pè ní settlement agreement, pé tí ẹ bá ti gba owó yìí ẹ kò ní pè wọ́n lẹ́jọ́ mọ́. Òfin ní ìwé yẹn kò lè dí yín lọ́nà ẹ̀tọ́ tí òfin iṣẹ́ fún yín, àfi bí agbẹjọ́rò tàbí olùdámọ̀ràn tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Àwọn iléeṣẹ́ sábà máa ń san owó olùdámọ̀ràn náà. Ẹ rí i pé wọn kò kan fi owó ìsinmi àti owó oṣù tó jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀ ṣe "ẹ̀bùn" inú ìwé náà.

Tí owó bá wọlé tí kò pé, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka HR lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, iye tó yẹ kó wọlé àti bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀, iye tó wọlé, àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí ìyókù wọlé. Ìrẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi tọ́ wa dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ níbí, wọ́n lè kà á sí pé ẹni tó kọ ọ́ kò dá ara rẹ̀ lójú. Ẹ kí wọn, kí ẹ sọ iye, kí ẹ dúpẹ́.

Tí wọn kò bá dáhùn, ACAS, àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ àti iléeṣẹ́ parí ìjà, ló kàn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kí ẹ tó dé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, Employment Tribunal, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì gbìyànjú láti bá ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta dín ọjọ́ kan, láti ọjọ́ tí wọ́n gé owó náà, ni àkókò tí òfin 1996 fún yín láti bẹ̀rẹ̀. Òfin tuntun ti ọdún 2025 fọwọ́ sí i pé kó di oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ máa ka mẹ́ta, ẹni tó tètè lọ kò pàdánù ohunkóhun. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í gba owó. Wọ́n ń gbà á tẹ́lẹ̀ rí, títí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON fi gbé ìjọba dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí wọ́n sì fagi lé e lóṣù keje ọdún 2017. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àdéhùn tí wọ́n ṣẹ̀, tí iye rẹ̀ sì ju £25,000 lọ, ìyẹn ń lọ sí County Court ní England àti Wales. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fàyè gbà níbẹ̀. Citizens Advice lè bá yín wo ìwé yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá béèrè owó, wọ́n á ba físà àwọn jẹ́. Bí ẹ béèrè, bí ẹ kò béèrè, iléeṣẹ́ tó ṣe físà fún yín gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá pé ẹ ti kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, Home Office sábà máa ń gé físà náà kù sí ọjọ́ 60. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò ọjọ́ tí ẹ máa kúrò. Owó tí wọ́n jẹ yín kò sí lára rẹ̀, ẹ lè béèrè rẹ̀ láìfi ti físà pè.

Kí ọjọ́ ìkẹyìn tó dé, ẹ wa àwọn payslip yín jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́, àti ìwé àdéhùn, àkọsílẹ̀ ìsinmi àti ìwé ètò iṣẹ́ yín, torí wọ́n sábà máa ń ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá dá laptop padà. Kìkì èyí tó jẹ́ tiyín ni kí ẹ mú: ẹ má fọwọ́ kan fáìlì oníbàárà tàbí ti ọmọ iṣẹ́ mìíràn, wọ́n lè fi ìyẹn pè yín lẹ́jọ́. Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, òfin ìpamọ́ ìsọfúnni fún yín láyè láti kọ̀wé béèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa yín, wọ́n sì ní oṣù kan láti fèsì. Ẹ tún béèrè P45 yín, ìyẹn ìwé owó orí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá kúrò níbi iṣẹ́, torí ibi iṣẹ́ tuntun máa bi yín léèrè rẹ̀, bí kò bá sì sí, owó orí tí wọ́n máa yọ lóṣù àkọ́kọ́ lè pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.