Ṣé Ọ̀fẹ́ Ni Ilẹ̀ Tí Free Frank Fi Dá Ìlú Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Mo ka ìtàn Free Frank McWorter, ọkùnrin tó ti jẹ́ ẹrú rí, tó wá dá ìlú sílẹ̀ ní Illinois, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1836. Ìwé náà ní 100 dọ́là ló fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn tó lọ tẹ̀dó sínú igbó nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé torí pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ṣe gbowó lọ́wọ́ tirẹ̀ ni? Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé ní Illinois, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa jẹ mí lọ́kàn.
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, Mà. Òótọ́ ni ohun tí ìwé wí, òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n kọ́ yín nílé ìwé. Ọdún ló yàtọ̀ síra. Òfin tó ní kí wọ́n máa fún èèyàn nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, 1862 ni wọ́n ṣe é, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1863 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Free Frank ti kú láti 1854. Ní ìgbà tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ ìjọba yóò rà á ni, ì báà ṣe òyìnbó, ì báà ṣe aláwọ̀ dúdú. Dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 ni éékà kan. Éékà 80 ni Frank rà ní 1835. Ẹ ṣírò rẹ̀, 100 dọ́là gan-an ni. Bó bá jẹ́ òyìnbó ni, 100 dọ́là náà ni yóò san.

Kí ló dé tí ìjọba fi ń ta igbó? Ogun òmìnira Amẹ́ríkà ti kó wọn sí gbèsè, ilẹ̀ sì ni ohun ìní tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wọn. Òfin 1785 ní kí àwọn awọnlẹ̀ kọ́kọ́ wọ igbó lọ, kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66 wọn ilẹ̀ náà kí wọ́n tó máa tà á. Wọ́n wọn ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́rin ńláńlá tí wọ́n ń pè ní township. Township kan jẹ́ máìlì mẹ́fà níbùú, máìlì mẹ́fà lóòró. Wọ́n pín in sọ́nà 36, éékà 640 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya ìpín kẹrìndínlógún sọ́tọ̀ fún ilé ìwé. Nílé wa, ọdẹ a kọ́kọ́ dé, ilé a tẹ̀ lé e, ìgbà tó bá yá la ó wá máa jà sí ààlà. Ní tiwọn, ààlà ló ṣáájú ahéré.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀, odidi ìpín kan, éékà 640, ni wọ́n ń tà lẹ́ẹ̀kan. Tálákà wo ló lè rà á? Ní 1800 wọ́n dín in sí éékà 320, wọ́n sì gbà kí èèyàn máa san án díẹ̀díẹ̀. Gbèsè wá mu ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dé ọrùn. Ní 1820 ni wọ́n fòpin sí àwìn: éékà 80 ti tó rà, 1.25 dọ́là ni éékà kan, owó lọ́wọ́ ni. Òfin yìí ni Frank gbà wọlé.

Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ kan wà nígbà náà o, àwọn ọmọ ogun ló sì ni ín. Lẹ́yìn ogun tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1812, ìjọba ya ilẹ̀ ńlá kan sọ́tọ̀ láàárín odò Illinois àti odò Mississippi, wọ́n ń fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní éékà 160. Pike County, níbi tí Frank lọ, wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni kò débẹ̀ rí. Wọ́n ta ìwé wọn fún oníṣòwò. Éékà 160 tí Frank kọ́kọ́ ní, ọwọ́ dókítà kan ní Kentucky ló ti rà á láì tíì fojú kan ilẹ̀ náà. Ní 1831 ni òun, Lucy ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn tó ti dòmìnira dé ibẹ̀, ní ibi tí à ń pè ní Hadley Township lónìí.

Ibi tó wù mí kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí, Mà. Títà tí ìjọba ń ta ilẹ̀ ló wúlò fún Frank jù lọ. Ohun tí èèyàn fowó rà, tó sì ní ìwé lórí rẹ̀, ó lè tún un tà. Àwọn kan nínú ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì wà lóko ẹrú ní Kentucky. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra èèyàn sílẹ̀: ó ń ṣe èròjà ẹ̀tù ìbọn tà, owó ibẹ̀ ló fi ra Lucy sílẹ̀ ní 1817 ní 800 dọ́là. Ní 1819 ló tó ra ara rẹ̀, 800 dọ́là náà ni. Bó ṣe fi ìyàwó ṣáájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan. Lucy lóyún, ipò ìyá sì ni ọmọ ń jogún lábẹ́ òfin oko ẹrú. Bí ìyá bá ti dòmìnira, òmìnira ni wọn yóò bí ọmọ náà sí.

Nínú éékà 80 tó rà lọ́wọ́ ìjọba, ó wọn 42 sọ́tọ̀, ó pín in sí pulọ́ọ̀tì 144, ó ya àwòrán àwọn òpópónà rẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ káúńtì: New Philadelphia. Aláwọ̀ dúdú rà níbẹ̀, òyìnbó rà níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ àti aṣebàtà wà lára wọn. Owó pulọ́ọ̀tì àti owó oko rẹ̀ ló ń dá padà sí Kentucky láti ra ẹbí sílẹ̀. Ó kéré tán, ẹni 15 ni wọ́n kà sí i, wọ́n sì fojú bu gbogbo owó náà sí nǹkan bí 14,000 dọ́là.

Nípa ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí ẹ fura sí, ojú yín ríran. Kò sí nínú iye owó ilẹ̀ ni, ó wà níbòmíràn. Òfin Illinois nígbà náà ní kí aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ máa gbé ibẹ̀ mú ìwé òmìnira wá, kí ó sì ní onídùúró tó tó 1,000 dọ́là. Kò lè dìbò, kò sì lè jẹ́rìí ta ko òyìnbó ní kóòtù. Ẹ wá wo ewu tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ta ilẹ̀: bí oníbàárà òyìnbó bá sẹ́ ẹ lówó ńkọ́? Ní 1837 ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin kan fún òun nìkan, tó sọ orúkọ rẹ̀ di Frank McWorter, tó sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti rà, láti tà, àti láti pẹjọ́.

Ẹ tún pe ibẹ̀ ní igbó. Ilẹ̀ náà ní onílẹ̀ kí awọnlẹ̀ kankan tó dé. Àwọn ẹ̀yà Sauk àti Meskwaki wà lára àwọn tí wọ́n fi àdéhùn àti ìbọn lé kúrò ní agbègbè yẹn. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí Frank débẹ̀ ni ogun Black Hawk, tí ìjọba bá wọn jà, ṣẹlẹ̀, ní 1832.

Ọmọ yín lè lọ wo New Philadelphia. Ó wà nítòsí ìlú Barry. Ọ̀nà rélùwéè yà fún un ní 1869, àwọn ará ibẹ̀ sì ń kó lọ díẹ̀díẹ̀ títí ìlú fi di oko. Láti ìparí 2022 ló ti wà lábẹ́ àbójútó àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bí ọmọ yín bá sì ní ilé tirẹ̀ ní Illinois, kí ó wo ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó rí nọ́ńbà township àti nọ́ńbà ìpín tí ilẹ̀ náà bọ́ sí nínú rẹ̀, bí àwọn awọnlẹ̀ ayé ìgbà náà ṣe kọ ọ́.