Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ALÙPÙPÙ TUNTUN NI TÀBÍ ÀLÒKÙ?

Nínú àwọn fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tó dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ti alùpùpù ló pọ̀ jù. Bí a bá sì bi ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù pé tuntun ni tàbí àlòkù, ìdáhùn kan náà là ń gbọ́: "Èyí tí owó mi bá ká ni." Ìdáhùn yẹn kò tó. Owó tí a fi ra máṣíìnì yàtọ̀ sí owó tí máṣíìnì yóò ná wa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ra epo pupa láti oko wá sí ìlú yá owó dé ibi tí òfin ẹgbẹ́ gbà á láyè dé, ìyẹn ìlọ́po 2 àkójọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kó lé àlòkù kan lórí. Máṣíìnì náà ń dán, wọ́n ti kùn ún, ìjókòó rẹ̀ tuntun. Ní oṣù kejì, písítìn dì mọ́ inú ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà oko. Kò sí kọ́bọ̀ tó kù fún àtúnṣe. Máṣíìnì dúró, ọjà dúró, ṣùgbọ́n owó ẹ̀yáwó kò dúró. Àwọn onídùúró rẹ̀ 2, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tó ń ta ata, ni a dá àkójọ wọn dúró títí gbèsè fi tán. Ọkùnrin náà kì í ṣe olè o, ọmọlúàbí ni. Ìṣirò rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó.

Owó ọjà ń yí padà lóṣooṣù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ìpín ṣírò. Ká ní tuntun jẹ́ ìpín 10, àlòkù sì jẹ́ 6. Lójú, ìpín 4 la jèrè. Ṣùgbọ́n táyà méjèèjì, ṣéènì pẹ̀lú eyín rẹ̀, bátìrì àti rínǹgì písítìn, bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí ọdún kan náà, wọ́n lè kó ìpín 2 lọ. Ẹ tún ka àwọn ọjọ́ tí máṣíìnì fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ kò pa owó.

Tuntun náà ní tirẹ̀. Kété tí a bá tì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti di àlòkù lójú ẹni tí a bá fẹ́ tà á fún, owó rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ wà á bí ẹni tí ajá ń lé. Ìwé tó bá a wá yóò sọ iye kìlómítà tí kò fi yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ dópin tàbí kí a fi gbé ẹrù wúwo. Àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn ni. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ náà, kí á tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà lórí máṣíìnì, tó ń gùn ún láti àárọ̀ dalẹ́, kí ó ra tuntun, bí sísan oṣooṣù kò bá ju ohun tí èrè rẹ̀ lè gbé. Ẹni tó kàn fẹ́ máa gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, àlòkù tó dára tó o. Ṣùgbọ́n kí ó má ná gbogbo ẹ̀yáwó tán lórí rẹ̀: kí ó ya ìdá 1 nínú 4 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Tíṣà kan nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ti aládùúgbò rẹ̀ ló rà, ẹni tó mọ̀ pé ó máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó sì san gbèsè rẹ̀ tán láìpẹ́ ọjọ́.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ lọ wo máṣíìnì ní àárọ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ fi ọwọ́ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, a jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ti tá a sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ jókòó kó tutù. Máṣíìnì tó ń ṣàìsàn kì í fẹ́ jí ní òtútù. Bó bá jí, ẹ wo sàlẹ́ńsà. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù tí kò sì dáwọ́ dúró, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó. (Àwọn àgbà tó gun Suzuki àti Yamaha ayé ọjọ́un, àwọn tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, yóò ní èéfín kì í ṣe nǹkan. Òótọ́ ni fún ìyẹn. Èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, bí ọ̀pọ̀ tòde òní, kò gbọdọ̀ rú bẹ́ẹ̀.) Ẹ yọ ìdérí ọ́ìlì wò: bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn bí ẹ ti ń gùn ún lọ: bí táyà ẹ̀yìn kò bá tọ ipa ti iwájú, férémù ti wọ́, ó ti ṣubú rí. Ọ̀dà tuntun lẹ ó sì fura sí jù.

Ìwé wá ṣe pàtàkì ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Máṣíìnì tí wọ́n jí kò ṣeé tún ṣe. Nọ́ńbà kan wà lára ẹ́ńjìnnì, òmíràn wà lára férémù níbi ọrùn lábẹ́ ọwọ́ ìdarí. Ẹ nù ún, kí ẹ fi wé ti ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì ha á, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Ẹ gba rìsíìtì àti ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí ìwé títà, kí ẹ sì yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ní "a ó ṣe ìyẹn tó bá yá", ẹ má san owó fún un.

Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọ̀kadà, kí ó kọ́kọ́ mọ òfin ibi tí yóò ti gùn ún. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Ìkẹjà àti Sùúrùlérè wà nínú wọn. Ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ àlòkù, èyí tí ìjọba bá gbà lọ kò ní san gbèsè ẹgbẹ́.

Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ kò ní fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àlòkù tí nọ́ńbà méjèèjì kò bá sí lára rẹ̀. Mẹkáníìkì 2 nínú ẹgbẹ́ wa ti gbà láti máa bá yín lọ wo máṣíìnì, owó ọkọ̀ nìkan ni wọn yóò gbà. Ẹ rí akọ̀wé.